Báfù Tí Bàbá Mi Fi Etí Yàn

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo ṣì ń nàgà kí ọwọ́ mi tó kan ìkọ́ ilẹ̀kùn, èmi ni ojú bàbá mi. Oko rẹ̀ wà létí odò Ọ̀kpárá, àwọn eṣinṣin dúdú kékeré ibẹ̀ sì ti jẹ ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún títí ojú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Ṣábẹ láyé ìjọba ológun, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń pe ara wọn ní kámárádì, ẹ ó rántí àìsàn náà. Agboolé tí kò ní ọkùnrin kan tí ọmọdé ń fi ọ̀pá fà kiri ṣọ̀wọ́n. Nílé tiwa, èmi ni wọ́n yàn. Bí mo bá ti pọnmi tán láàárọ̀, tí mo ti gbálẹ̀, tí mo ti mu ògì gbígbóná tó ń jó ahọ́n, màá lọ di ìdí ọ̀pá mú, bàbá mi á di orí rẹ̀ mú, a ó sì jáde.

Kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà sú mi. Ó sọ ọ́ di eré. A ó jókòó sí iwájú ilé, ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá, bàbá mi á dá a mọ̀ láti inú ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó mọ ẹni tó ru iṣu yàtọ̀ sí ẹni tó ru omi, ó sì mọ ewúrẹ́ ìyá aláta yàtọ̀ sí ewúrẹ́ tiwa. Wàrà díndín ni tẹ́tẹ́ wa. Bí ó bá ṣì í, màá mú ègé kan nínú àwo rẹ̀. Bí ó bá gbà á, á mú ègé kan nínú tèmi. N kò rántí ọjọ́ kan tí mo dá wàrà mi jẹ tán. Èmi á máa sunkún, òun á máa rẹ́rìn-ín, ìyá mi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwa méjèèjì jà.

Ṣùgbọ́n wọn kì í fi ẹ̀kọ́ ilé ṣeré lọ́dọ̀ wa. Bàbá mi ní ẹ̀gbọ́n kan, ọkùnrin gíga tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà. Òun ni olórí ilé. Lọ́jọ́ kan, a jókòó ti iyán, ó ní láti oko Sakín ni òun ti ń bọ̀, ebi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òun lọ́nà. Mo ní irọ́ ni, mo rí wọn nídìí ọtí sódábì nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin.  Bàbá mi ló dìde, ó ní kí n mú òun lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó ní kí n kúnlẹ̀ kí n gbé òkúta sókè. Ibẹ̀ ni mo wà títí oòrùn fi yẹ̀ kúrò lórí mi. Nígbà tó fà mí dìde, ó ní, "Òótọ́ lo sọ. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ ò gbọdọ̀ sọ Bàbá Àgbà di òpùrọ́ mọ́ láyé." Orúnkún mi ti bó. Mo gba ẹ̀kọ́ náà tọkàntọkàn.

Nígbà tó ku ìmọ́lẹ̀ àti òjìji nìkan tí bàbá mi ń rí, ó ní kí wọ́n kó iṣu kúrò nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé, ó sọ ọ́ di yàrá orin. Kò sí ohun tó fẹ́ràn tó orin. Ó ní ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ àwo, ó sì ní àwo bíi mẹ́wàá nínú àpótí pákó. Yàrá náà kéré débi pé bí àgbàlagbà bá na ọwọ́ méjèèjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri níhà méjèèjì. A fi ẹní bo ara ògiri kí ohùn má baà máa gbá síwá sẹ́yìn. Òórùn iṣu ọdún tó kọjá ṣì wà níbẹ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Báfù nìkan ló kù, ìyẹn àpótí méjì tí ohùn orin ń gbà jáde, nítorí eku ti jẹ èyí tó wà tẹ́lẹ̀. Ó sọ fún mi pé, "Àdùkẹ́, ojú ti ń lọ. Etí ni màá fi gbé ìyókù ayé mi. N ò gbọdọ̀ ṣi èyí yàn."

Bùtíìkì Bàbá Ṣakí la lọ. Oníṣòwò mùsùlùmí kan tó ti Nàìjíríà wá ni, ó ń ta tòmátì alágolo, ó ń ta fìtílà, ó ń ta rédíò. Bàbá Àgbà tẹ̀ lé wa, nítorí kò sí bí àbúrò ṣe máa ra ohun ńlá kí ẹ̀gbọ́n má fojú kàn án. Báfù oríṣi mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ẹ ò bá rí bàbá mi lọ́jọ́ náà! Ó ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ó ní kí wọ́n gbé báfù kúrò nílẹ̀, kúrò lára ògiri, kí wọ́n gbé e ka àpótí ìjókòó kó lè ga dé etí ẹni tó jókòó. Ó fi ẹsẹ̀ wọn àyè tó wà láàárín báfù méjèèjì, ó sì ní kí wọ́n gbé àga wa jìnnà sí wọn níwọ̀n kan náà. Lẹ́yìn náà ló ní kí n di ojú mi, kí èmi náà má fi ojú yàn.

Àwo tó mú lọ jẹ́ ti obìnrin kan tó ń kọrin sí gìtá kan ṣoṣo. Báfù ńlá ni wọ́n kọ́kọ́ fi gbọ́ ọ. Agolo tòmátì ń gbọ̀n lórí pẹpẹ, ìdí àga mi ń gbọ̀n, Bàbá Àgbà ń mi orí pẹ̀lú ìdùnnú. Bàbá mi ní, "Obìnrin náà ti kó sínú àgbá." Wọ́n gbé ti àárín wá, ó ní imú dí i. Nígbà tí wọ́n gbé èyí tó kéré jù wá, tí kò gùn ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ, bàbá mi gbé ọwọ́ sókè. 

"Àdùkẹ́, o gbọ́ ọ? Ó ń mí kó tó kọrin."

Mo gbọ́ ọ. Kí obìnrin náà tó la ẹnu, ó kọ́kọ́ fa èémí díẹ̀ símú, bí ẹni tó jókòó sí ọ̀dọ̀ wa. Bàbá mi nawọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa àpótí kékeré méjèèjì lára bí ẹni ń pa ọmọ lórí. Ó ní èyí ni òun mú.

Bàbá Àgbà ò fara mọ́ ọn. "Àkànbí, nǹkan tó rí bíi kátọ́ọ̀nù ọṣẹ yìí? Ta ni yóò gbọ́ ọ níta?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, n ò rà á fún ìta."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé àṣà kan tó wà nílé wa, nítorí òun ló bà wá jẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ra ohun tó jọjú, olórí ilé ló ń lọ gbà á lọ́wọ́ ọlọ́jà, òun ló ń gbé e wọ ẹnu ọ̀nà, òun ló ń fi í sí àyè rẹ̀, á sì ṣàdúrà sí i. Ẹni tó rà á gan-an ò ní fọwọ́ kàn án títí àdúrà yóò fi parí. Bí wọ́n ti ṣe kẹ̀kẹ́ nìyẹn, bí wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi nìyẹn. Ìdí nìyí tí bàbá mi fi sanwó báfù rẹ̀ tó sì padà sílé lọ́wọ́ òfìfo.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Àgbà mú mi dání pé kí n wá bá òun ru wáyà. Bí a ti dé bùtíìkì, ó nawọ́ sí báfù ńlá. Bàbá Ṣakí ní, "Bàbá, èyí kọ́ ni Àkànbí mú o." Bàbá Àgbà ní, "Èmi ni ẹ̀gbọ́n Àkànbí." Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kòmitéè ìjọba ológun ní àdúgbò nígbà náà ni, ẹ sì mọ ohun tí ẹni tó wà nínú kòmitéè lè fi ojú àlejò rí. Bàbá Ṣakí wolẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé e sórí púsùpúsù, ìyẹn kẹ̀kẹ́ ẹrù tí a ń fi ọwọ́ tì. Ní àárín ọ̀nà, Bàbá Àgbà dúró, ó bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi kan ojú mi.

"Àdùkẹ́, èyí tí bàbá rẹ mú náà la gbé dé. Àbí o tún fẹ́ sọ mí di òpùrọ́?"

Mo ní, "Rárá, Bàbá."

Ó ti ní kí káfíńtà kan pẹpẹ sí igun yàrá orin, lókè nítòsí àjà. Ó ní kí ewúrẹ́ àti ọmọdé má baà fọwọ́ kàn án ni. Ó gbé báfù síbẹ̀, ó ta aṣọ funfun bò ó, bí gbogbo ilé ti ń bo ohun tó níyì láyé ìgbà yẹn. Ọwọ́ bàbá mi ò lè tó o. Àdúrà parí, wọ́n pín sódábì, a fi àwo obìnrin náà sí ẹ̀rọ. Yàrá kékeré náà hó bí ìkòkò. Àwọn aládùúgbò pàtẹ́wọ́. Bàbá mi jókòó, ó gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó tún gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, ó ní kí n tún àwo náà bẹ̀rẹ̀, kí n rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì.

"Báfù tí a mú náà ni?"

"Òun ni, Bàbá."

"O ń gbọ́ bó ṣe ń mí?"

N ò gbọ́ nǹkan kan. Ohùn ìsàlẹ̀ tó ń hó láti igun yẹn ti bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní n ò gbọ́, yóò bèèrè ìdí, ìdí náà yóò sì sọ Bàbá Àgbà di òpùrọ́. Mo ní, "Mo ń gbọ́ ọ, Bàbá." Ó tún bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo tún wí bẹ́ẹ̀. Ó fi ìka ro etí ọ̀tún, ó ro ti òsì, ó mí kanlẹ̀.

"Ó dáa. Ó ti dé etí nìyẹn."

N ò lóye ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn. Inú mi tilẹ̀ ń dùn pé mo ṣe ọmọ dáadáa.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí Bàbá Àgbà fi wá yá báfù. Ó gbé e lọ sí pápá ilé-ìwé lọ́sàn-án Sátidé, ó dúró síwájú èrò, ó ń pariwo kámárádì yìí, kámárádì yẹn, láti inú àpótí tí bàbá mi fi owó òwú ọdún kan rà. Ìgbà yẹn ni mo wá mọ ohun tó fẹ́ fi í ṣe látilẹ̀wá. Inú bí mi débi pé mo tutọ́ sínú ọbẹ̀ rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà kí n tó gbé e fún un. N kò tíì kábàámọ̀ ìyẹn títí di òní. Nígbà tí Bàbá Àgbà sọ fún bàbá mi pé òun yóò dá báfù padà, bàbá mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ yín. Kò wúlò fún mi mọ́." Iṣu padà sínú yàrá orin.

Bàbá mi ti sọ fún ìyá mi pé àìsàn ojú ti mú òun létí. Ìyá mi sunkún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo bá a sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo agboolé fi ń pariwo bá a sọ̀rọ̀. Bí ẹnìkan bá kí i ní ohùn ìwọ̀n, kò ní dáhùn, nítorí kò gbẹ́kẹ̀ lé ohun tó gbọ́ mọ́. Á dúró kí wọ́n tún un sọ sókè. Eré ìró ẹsẹ̀ parí. Wàrà mi pé sínú àwo mi lójoojúmọ́, n ò sì lè jẹ ẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jókòó síbi ògiri, èmi àti àbúrò mi wà ní ìdí ààrò lódìkejì àgbàlá. Mo sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí àbúrò mi létí pé ewúrẹ́ ìyá aláta ti jẹ aṣọ Bàbá Àgbà lórí okùn. Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Láti ọ̀nà jíjìn yẹn, ó rẹ́rìn-ín! Lẹ́yìn náà ni mo rí i tí ó pa ẹ̀rín náà rẹ́ kúrò lẹ́nu, tí ó fi ọwọ́ nu ojú, bí ẹni tó rò pé òun ló dá ọ̀rọ̀ náà rò. Ọjọ́ yẹn ni gbogbo rẹ̀ yé mi. Mo dìde, mo gbé ẹsẹ̀ méjì, mo padà jókòó.

Mo lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Pàrákú. Níbẹ̀ ni mo ti pinnu pé n óò sọ ọ́. Nígbà tí mo dé fún ìsinmi, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ láàárọ̀, mo sì sọ ọ́ ní ohùn tèmi, n ò pariwo: "Bàbá, etí yín ò dí. Báfù yẹn kọ́ ni ẹ mú." Ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀n?" Òjìji Bàbá Àgbà sì bọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Mo gbé ohùn sókè, mo ní, "Mo ní ẹ kú àárọ̀!" Bàbá mi kú kí n tó tún ní ìsinmi mìíràn.

Lónìí, báfù tí àwọn ọmọ mi ń lò kò ju ìkúùkù lọ, ohùn rẹ̀ sì mọ́ ju gbogbo ohun tó wà ní bùtíìkì Bàbá Ṣakí. Oògùn ti wà fún àìsàn odò náà, àwọn ọmọdé ò fi ọ̀pá fa bàbá wọn kiri mọ́, mo sì ń dúpẹ́ fún ìyẹn. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọmọ ọmọ mi obìnrin sọ fún àbúrò mi lójú gbogbo ẹbí pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ilé gbóná. Wọ́n ní kí n pè é kí n bá a wí. N kò rí ẹnu bá a wí. Wọ́n ní ọmọ ayé ìsinsìnyí ò mọ ẹ̀kọ́, ó sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ̀kọ́ náà ni mo fi di bàbá mi létí títí ó fi kú.