Ínṣì Márùn-ún Lára Kíjìpá Ìyá Ọkọ Mi

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fi àlùmọ́gàjí kan aṣọ yẹn, ibi tí mo sì gé kò ju ínṣì márùn-ún lọ. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n ń sọ kiri Ọ̀mù-Àrán nígbà náà ni pé mo gé aṣọ olóògbé sí wẹ́wẹ́. N kò gé e sí wẹ́wẹ́. Tépù wà lọ́wọ́ mi, mo sì wọ̀n ọ́n kí n tó gé e.

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ nígbà náà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀. Akọ̀wé ni ọkọ mi. Wọ́n ti gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tuntun ní Ìlọrin, ìparí oṣù ló sì máa ń wálé. Èmi àti ọmọbìnrin wa, ọmọ ọdún mẹ́fà, la kù sí agbo ilé bàbá rẹ̀, láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Ogun ń lọ lọ́wọ́, súẹ́tà òkè òkun sì ti di ohun tí ojú ń wá tí kò rí. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ kò mọ̀ pé ogun wà. Ó ń dé lásìkò rẹ̀.

Àyà ọmọ náà kò le. Bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ láàárọ̀, èémí rẹ̀ á máa dún bí afẹ́fẹ́ tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ọmọkùnrin tí mo bí ṣáájú rẹ̀ ní irú àyà bẹ́ẹ̀. Kò rí ọyẹ́ rẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì. Nítorí náà mo máa ń gbé etí lé àyà èyí tó kù lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́: tó bá jí, tó bá ti ilé ìwé dé, tó bá fẹ́ sùn. Àwọn ará ilé a máa fi mí rẹ́rìn-ín. Mo jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín.

Aṣọ ni mo fi ń jà. Ilé ìwé girama tí mo lọ kọ́ wa ní ìránṣọ, ṣùgbọ́n aṣọ tuntun nìkan ni wọ́n kọ́ wa láti rán. Èmi ni mo fi ojú ara mi rí i pé aṣọ tí a kò bá gé, tí a kàn ṣẹ́ po tí a sì rán, a lè tú u kí a tún un dá nígbàkígbà tí ojú ọjọ́ bá yí. Mo ní bùbá kan tó ní òdòdó pupa. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo tú apá rẹ̀ méjèèjì, mo ṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sínú, ó di gáùn aláìlápá fún ọmọ mi. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, mo dá apá rẹ̀ padà, mo sì fi àpò ìyẹ̀fun tí mo ti fọ̀ títí tí gbogbo lẹ́tà ara rẹ̀ fi ṣí tẹ́ inú rẹ̀. Ṣòkòtò kakí bàbá rẹ̀ tí ìdí rẹ̀ ti ja, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan di àpò ìwé, ìkejì di ẹ̀wù tí ó ń wọ̀ lé bùbá náà tí òjò bá ń ṣẹ́. Mo ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí: èjìká, àyà, gígùn, iye ínṣì tí mo ṣẹ́ pamọ́ sínú de ọjọ́ tí yóò ga sí i.

Ti ọyẹ́ nìkan ni n kò tíì rí ọgbọ́n rẹ̀ dá. Ibẹ̀ ni kíjìpá ti wọlé.

Ìyá ọkọ mi ló hun ún fúnra rẹ̀, lórí òfì obìnrin tó máa ń fara ti ògiri, ó sì rẹ ẹ́ sínú aró títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Abala méjì ni, wọ́n rán an pọ̀ láàárín, ó nípọn, ó sì wúwo bí ewúrẹ́ kékeré. Nígbà tí wọ́n pín ẹrù rẹ̀ lẹ́yìn ogójì ọjọ́, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló kọ́kọ́ mú. Ó ti gbé Jọ́ọ̀sì ju ogún ọdún lọ kí ìlú tó dàrú lókè Ọya tó fi sá wálé. Lójú rẹ̀, “ẹ̀yin” ni mo máa ń pè é, lórí ìkúnlẹ̀. Nínú ìwé yìí, “ó” ni màá pè é. Ó mú àrán, ó mú dàmáàsìkì méjì. Nígbà tó kan kíjìpá, ó fi ìka méjì gbé e sókè, ó jù ú sí mi lẹ́sẹ̀.

“Ta ló tún ń ró aṣọ oko tó ń yún ni lára? Ìyàwó, gbà. Fi nu ilẹ̀.”

Mo dúpẹ́. N kò fi nu ilẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ kọ́kọ́ fẹ́, mo gbé e sórí ẹní mi, mo sì wò ó fún odidi ọjọ́ méjì. Mo fi abẹ́rẹ́ tú ojú rírán tó wà láàárín. Mo ṣẹ́ abala kọ̀ọ̀kan sí méjì, débi pé aṣọ dì méjì-méjì níbi àyà, tí ohun tó kù wà nínú bí ìgbátí jíjìn. Ọrùn ló kù. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n rán yóò ní kí n fi ojú rírán àárín sílẹ̀ ní ṣíṣí fún orí láti gbà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, iwájú ni yóò là sí, atẹ́gùn yóò sì máa gba ibẹ̀ wọlé sí àyà tí mò ń dáàbò bò gan-an. Mo fi ínṣì mẹ́fà ojú rírán náà sílẹ̀ ní ṣíṣí ní ẹ̀yìn, mo fi bọ́tìnì dè é. Lókè, láti èjìká dé èjìká, mo gé ínṣì márùn-ún.

Ọjọ́ tí ọmọ náà kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ jáde, ọyẹ́ mú débi tí a kò fi rí orí igi tó wà lẹ́yìn ilé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wà níwájú yàrá rẹ̀, ó ń yáná.

“Dúró ńbẹ̀,” ó sọ fún ọmọ náà. “Yí ẹ̀yìn. Yí iwájú. Ta ló kó ẹ sínú àpò ẹ̀wà?”

“Màámi ló rán an fún mi, mà. Òtútù ò lè wọ ibẹ̀.”

Ó na ọwọ́ sí aṣọ náà, ó fi àtàǹpàkò ra á. Ojú rẹ̀ yí padà.

“Ìyàwó! Ìyàwó o! Jáde síbí!”

Mo jáde, mo kúnlẹ̀. “Ẹ káàárọ̀, Ìyá.”

“Àárọ̀ wo? Ṣé kíjìpá ìyá mi kọ́ nìyí?”

“Òun ni, mà.”

“O gé e?”

“Ọrùn nìkan ni, mà. Ínṣì márùn-ún.”

“Ẹ gbà mí o! Ó tún ń ka ínṣì fún mi! Ilẹ̀ ojú oórì ìyá mi ò tíì gbẹ, ìyàwó ilé ti gbé àlùmọ́gàjí sí i lára!”

“Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n fi nu ilẹ̀, mà.”

Kò yẹ kí n sọ ọ́. Àwọn ìyàwó yòókù tó ń fọ abọ́ yíjú sí wa. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń gbani nímọ̀ràn.

“Ìwọ tó ń fi aṣọ dínà ikú. Ti àkọ́kọ́ ńkọ́? Ṣé aṣọ ni kò ní?”

Mo ti dàgbà báyìí. Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì dàgbà. Bó ṣe rí láàárọ̀ ọjọ́ náà ló ṣe rí.

Ohun tó mú un bínú kì í ṣe ìfẹ́ ìyá rẹ̀. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin fẹ́ lọ sílé ọkọ ní Arandun lọ́jọ́ kẹsàn-án sí ọjọ́ náà. Ní agbo ilé wa, bí wọ́n tilẹ̀ ti so yín pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọbìnrin kì í kọjá ẹnu ọ̀nà lọ sílé ọkọ láìjẹ́ pé wọ́n fi kíjìpá tí ìyá àgbà rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ hun bò ó lórí. Aṣọ náà kò sì gbọdọ̀ lu, nítorí wọ́n ní ilé tó ń lọ yóò lu. Ogún ọdún Jọ́ọ̀sì ti gbé èyí kúrò lórí rẹ̀. Ó gbàgbé pátápátá lọ́jọ́ tó ń ju aṣọ sí mi lẹ́sẹ̀, àfi ìgbà tí ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ-osú, ìyẹn àwọn ọmọbìnrin ilé, bi í léèrè pé, “Kíjìpá ìyá yín ńkọ́?”

Wọ́n pè mí sí ọ̀ọ̀dẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Mo mú aṣọ, mo mú tépù, mo mú ìwé ìwọ̀n mi. Ìyá àgbà tó ṣe olórí wọn fi ìka rẹ̀ tọ ojú gígé náà láti òpin dé òpin.

“Ihò yìí ò tó ohun tí eku ń jẹ.”

“Eku kì í ṣe ìyàwó ilé,” ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dá a lóhùn. “A kì í pe eku sí ìpàdé.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo wà lórí eékún mi lórí ilẹ̀ gbígbẹ, mo sì ń gbọ́ bí ọmọ mi ṣe ń wúkọ́ ní yàrá kẹta sí wa. Mo ka iye rẹ̀. Mẹ́rìnlá.

“Ìyàwó, ṣé o lè ṣe é kó má hàn?” ìyá àgbà bi mí.

“Mo lè ṣe é, mà. Ṣùgbọ́n bí mo bá tú u, kí ni ọmọ máa wọ̀? Ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.”

Ìyá àgbà kọjú sí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. “Yóò tú u, yóò dí ihò rẹ̀. Ọjọ́ tí ìyàwó bá ti wọlé ọkọ, kí o dá aṣọ padà fún ọmọ ọlọ́yẹ́ yìí. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́,” ni ó wí. Gbogbo wa gbọ́ pé ó gbọ́.

Mo ti kọ̀wé sí ọkọ mi, mo fi rán awakọ̀ kan tó ń lọ Ìlọrin. Èsì rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ: “Ṣe bí wọ́n ṣe wí, má dá ìjà sílẹ̀.” Mo ṣì ní ìwé náà.

Mo fa òwú láti etí aṣọ náà gan-an, kí àwọ̀ aró lè bá ara mu, mo sì fi hun ojú gígé yẹn padà, òwú kan lórí, òwú kan nísàlẹ̀, fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí mo parí, ojú kò lè rí i mọ́. Wọ́n fi bo ìyàwó. Àwọn obìnrin kọrin, ó kọjá ẹnu ọ̀nà, ẹkún rẹ̀ sì dára. Ọmọ mi ń gba ojú fèrèsé wò ó, mo fi aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì méjì wé e bí òkú.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ kúnlẹ̀. “Ẹ kú ìnáwó, Ìyá. Aṣọ ọmọ ni mo wá gbà.”

“Aṣọ wo?”

“Kíjìpá, mà. Ohun tí Ìyá àgbà wí.”

“Ìyá àgbà ti dàgbà, ó ti gbàgbé. Aṣọ ìborí ìyàwó kì í kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ títí yóò fi lóyún. Lọ bẹ Ọlọ́run kó tètè ṣe é.”

N kò gbọ́ irú òfin bẹ́ẹ̀ rí láti ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti wọ ilé náà. Mo dìde láìdúpẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Mo ṣí àpótí mi. Nísàlẹ̀ pátápátá ni kóòtù aláwọ̀ ewé ilé ìwé girama mi wà, pẹ̀lú aṣọ òkè tí mo ró lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi. N kò tíì jẹ́ kí abẹ́rẹ́ kàn wọ́n rí. Mo gbé àga síta, sí ojú ọ̀nà tí kò sẹ́ni tí kò ní gbà á kọjá, mo sì mú àlùmọ́gàjí. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò ṣẹ́ ohunkóhun po. Mo gé apá kóòtù, mo gé ọrùn rẹ̀, mo gé aṣọ òkè mi sí mẹ́fà láti fi tẹ́ inú rẹ̀. Mo gé gbogbo rẹ̀ débi tí kò fi lè di ohun mìíràn mọ́ láé, tí kò fi sí ẹni tó lè wá sọ lọ́la pé kí n tú u padà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

“Aṣọ ìgbéyàwó ẹ lò ń gé yẹn?”

“Tèmi ni, mà,” mo dá a lóhùn. N kò gbé ojú sókè.

Ọmọ náà wúkọ́ fún ọjọ́ mọ́kànlá sí i, lẹ́yìn náà ó dínkù. Ó wọ kóòtù náà títí tí òjò àkọ́kọ́ fi rọ̀. Kò kú. Ìyẹn ni gbogbo ohun tí ìjà mi pẹ̀lú ọyẹ́ ọdún náà já sí.

Nígbà tí òjò ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa, tí ilẹ̀ ti rọ̀, wọ́n rán ọ̀dọ́bìnrin kan sí mi pẹ̀lú ìdì kan lórí. “Wọ́n ní kí ẹ gbà á, mà. Wọ́n ní ìyàwó ti lóyún.” Mo tú ìdì náà. Mo wá ojú ínṣì márùn-ún mi. Ojú kò rí i, àfi ìgbà tí mo fi ìka wá a. Wọ́n ti lò ó ju oṣù mẹ́rin lọ, kò sí ẹni tó mọ ibi tó wà.

Mo dì í padà bó ṣe wà.

“Gbé e lọ. Sọ fún wọn pé ọyẹ́ ti lọ.”

Ọmọ mi ń ṣeré nítòsí, nínú bùbá olódòdó pupa tí mo ti dá apá rẹ̀ padà. Ó wo ọ̀dọ́bìnrin náà títí tó fi wọlé.

“Màámi, ṣé ọyẹ́ ò ní padà wá mọ́ ni?”

“Yóò padà,” mo wí. “Wá dúró síbí, kí o na ọwọ́ ẹ méjèèjì.” Mo mú tépù, mo mú ìwé mi. Ó ti fi ínṣì kan àti ààbọ̀ ga sí i.