Orin tí mo ní kí àbúrò mi yọ kúrò nínú àwo rẹ̀



Mo lọ ra sípíkà ní ọjà Àlàbá lónìí. Ọkùnrin tó ń tà á ní kí òun dán an wò fún mi. Orin àbúrò mi obìnrin ló fi sí i, látinú àwo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde!

Oníbàárà kan pariwo: "Ẹ pa orin ẹkún yẹn jàre! Kò ní béèsì rárá."

Ojú ọlọ́jà pọ́n. "Tún un sọ! Nígbà tọ́mọ wa kú, ìyàwó mi ò lè sunkún. Orin yìí ló jẹ́ kó lè sunkún."



Èmi ni mo sọ fún àbúrò mi pé kó yọ orin yẹn, pé ta ló fẹ́ gbọ́ ẹkún. Látọjọ́ náà ni kò ti bá mi sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀?