Ọkọ̀ Bọ̀dá Gúnrégé Tó Ń Jẹ Táyà

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi là ń pè ní Bọ̀dá Gúnrégé. Aláíńmẹ́ńtì niṣẹ́ ẹ̀: òun ló máa ń tún ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè dúró ṣánṣán. Bó ṣe ń ṣe níbi iṣẹ́ náà ló ń ṣe nílé. Tí síbí bá wọ́ lórí tábìlì, á tún un tò. Lọ́jọ́ tí mo gbé ọmọ mi dé láti ọsibítù, ọmọ tó ń dán gbinrin, ẹsẹ̀ ọmọ ló kọ́kọ́ fà wò, ó ní méjèèjì dọ́gba. Mo rẹ́rìn-ín títí ojú iṣẹ́ abẹ tí mo fi bí i fi ń dùn mí.

Látìgbà tó ti wà níléèwé ló ti ń wá ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ asáré kan, onílẹ̀kùn méjì, tó lúgọ sílẹ̀ bí ológbò tó fẹ́ fò mọ́ eku. Ó wá rí ọ̀kan rà tó ti forí sọ ògiri. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi ẹ̀ ló fi tún un ṣe. Nígbà tó gbé e jáde, mo gbà pé ó rẹwà, àmọ́ kò tó ọmọ mi.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni táyà ẹ̀yìn lápá òsì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Téèyàn bá wò ó láti ìta, bíi tuntun ni. Inú lọ́hùn-ún ló ti pá, tí wáyà ń yọjú. Ó gbé ọkọ̀ sórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹsẹ̀ ọkọ̀ wò níbi iṣẹ́ wọn, ẹ̀rọ ní kò sóhun tó ṣe é. Ó pààrọ̀ táyà, èyí náà tún jẹ. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní, ẹ wo ẹni tó ń ta oògùn ikọ́ tó ń wúkọ́.

Lọ́jọ́ Sunday kan, ó ní kí ọkọ mi wà á, òun fúnra ẹ̀ wá sùn sẹ́yìn, ó gbé etí lé irin. Ọkọ mi ní nígbà táwọn ń rọra lọ, àwọn ò gbọ́ nǹkan kan. Ìgbà táwọn sáré ni nǹkan dún kẹ́rẹ́ nísàlẹ̀. Bí wọ́n ṣe délé ni Bọ̀dá wọ abẹ́ ọkọ̀, kò sì tètè jáde. Mo pọn ọmọ, mo gbé omi lọ fún un.

Ó ní, "Ìyàwó wa, tó bá dúró, olóòótọ́ ni. Eré ló ń jẹ́ kó purọ́."

Irin tó di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú mọ́ ara ẹ̀ ló ti sán láti ìgbà tó ti forí sọ ògiri. Tọ́kọ̀ bá dúró, á wà láyè ẹ̀. Tó bá ń sáré, á yẹ̀. Ìdúró nìkan ni ẹ̀rọ sì máa ń bá a. Mo ní ṣé wọn ò lè jó o pọ̀ ni? Ajórin lọkọ mi. Ó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí. Ó ní gbogbo irin tó yí i ká ti fẹ́lẹ́ bí ìwé, tóun bá jó ibí, ọ̀hún á ya. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò wá dúró, wọ́n ń wo ilẹ̀.

Ọmọkùnrin kan gbọ́ nípa ọkọ̀ náà, ó wá fẹ́ rà á. Bọ̀dá sọ gbogbo ẹ̀ fún un pátá. Ìyẹn ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà tà á fún mi."

Bọ̀dá ní, "Kí n wá máa sá jáde nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ sáírìn ọkọ̀ ọsibítù, bóyá ìwọ ló gbé?"

Kò lè wà á, kò lè tà á, ọkàn ẹ̀ ò sì gbà á láti tú u ká. Ó gbé e sórí búlọ́ọ̀kù lójúde wa, táyà tuntun ò kan ilẹ̀ mọ́. Gbogbo Sátidé ló ń fọ̀ ọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbé ọmọ mi sídìí sítíárìn, ó ń yí i, ó ń kẹ́rìn-ín kèékèé. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ wo ọmọ yín."

Táyà ẹ̀yìn lápá òsì ni Bọ̀dá ń wò.