Iná Basement Tí Màmá Mi Ń Pa

Ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Calgary nígbà tí owó epo já wálẹ̀, tí wọ́n ń lé àwa engineer bí ẹni ń lé adìyẹ.

Bakitéríà aláwọ̀ ewé ni mò ń tọ́jú níbi iṣẹ́, àwọn nǹkan tíntìntín tó ń gbé inú omi. Lọ́sàn-án, wọ́n á fi ìmọ́lẹ̀ ṣe ṣúgà, wọ́n á fi díẹ̀ pamọ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú, èyí tí wọ́n fi pamọ́ ni wọ́n á máa jẹ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ṣùgbọ́n tiwa yàtọ̀ o! A ti sọ wọ́n di ọ̀làwọ́: ṣúgà tó yẹ kí wọ́n fi pamọ́, àwa ni wọ́n ń tú u fún. Wọn ò lè pẹ́ nínú òkùnkùn.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ wa kógbá wọlé, ọ̀gá ní kí n máa gbé ìgò bakitéríà kan lọ. Mo gbé e sí basement, yàrá abẹ́ ilé wa, mo ra iná tó ń tàn lọ́sàn-án, tó ń kú fúnra rẹ̀ lálẹ́. Ilé iṣẹ́ kan ní Cochrane, ìlú kan nítòsí Calgary, ní bí àwọn bá rí i láàyè, àwọn á gbà mí. Ìrètí kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, mò ń gbẹ́rù ní warehouse kan ní Foothills Industrial. Tí mo bá fi máa délé, basement á ti ṣókùnkùn, bó ṣe yẹ kó rí. Kí ni mo fẹ́ fura sí?

Lọ́jọ́ Saturday kan, mo tètè dé láti ibi iṣẹ́, mo sọ̀kalẹ̀ lọ́sàn-án. Iná ò tàn! Omi tó máa ń dúdú bí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ti pupa rúsúrúsú, ó ń rùn. Yéè! Mo gbé!

Màmá mi, tí wọ́n wá bá wa tọ́jú ọmọ láti Ìjẹ̀bú, sáré wá. Wọ́n ní àwọn làwọn ń pa iná náà níbi ògiri tí mo bá ti jáde. Ta ní í tan iná lójú ọ̀sán gangan, nígbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ baálé? Wọ́n ní àwọn ń bá mi dín owó iná kù ni.

"Ọmọ mi, ṣé mo bà á jẹ́ ni?"

Ìyá mi ni o! Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Mà. Omi lásán ni." Ọmọbìnrin mi wò mí, ó ní, "Daddy, why are you crying?"

Cochrane ò gbà mí. Màmá ò sì pa iná kankan mọ́. Gbogbo ilé ń tàn yòò lọ́sàn-án gangan, mi ò lẹ́nu láti ní kí wọ́n pa á.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo rí kọ́? Ẹni tó ń fúnni, kó rántí ṣẹ́ díẹ̀ kù. Nígbà tó dára fún mi, gbogbo ẹ̀ ni mò ń fi ránṣẹ́ sílé. Òru ti wá dé báyìí, mi ò ní purọ́ fún yín pé mo rí àmì pé ilẹ̀ ń mọ́. Ẹ̀yin tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ tiyín fún mi nísàlẹ̀ yìí: kí lẹ̀ ń jẹ lóru tiyín?