Ìgò Omi Tí Mo Gbé Lọ sí Ẹ̀pẹ́

Èmi kì í ṣe ẹni tó lè dúró de nǹkan. Ìyá mi máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí òun bí mi, mo ti jáde kí agbẹ̀bí tó fọwọ́ tán. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ tí a fi ń ṣọ́nà omi dúdú yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ yà mí ní wèrè.

Ọ̀sà Ìbéṣè ni ìyá mi fi ń jẹun. Bí ọkọ̀ àwọn apẹja bá ti gúnlẹ̀, á ra ẹja lọ́wọ́ wọn, á yan án, á sì tà á. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ kan ti ri páìpù sínú odò kékeré tó ṣàn wọ ọ̀sà lápá ọ̀dọ̀ wa, omi dúdú kan máa ń dé lẹ́yìn òjò, á máa rùn bíi pẹ́ẹ̀ńtì. Ẹja á léfòó. Èyí tí kò bá kú nínú wọn, á máa rùn lórí iná. Àwọn oníbàárà ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn ẹja kí wọ́n tó ná an, ìyẹn sì ń dùn ún ju pé wọn ò rà lọ.

Mo kọ̀wé sí àjọ tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti máa mójú tó omi. Mo pè wọ́n, mo tún pè wọ́n, títí mo fi gbéra lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Ẹ̀pẹ́. Ọ̀gá tó dá mi lóhùn níbẹ̀ ní òfin ò fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú: ilé-iṣẹ́ kankan ò gbọ́dọ̀ da omi ìdọ̀tí sínú ọ̀sà láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ sẹ́ ẹ kó mọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn bá fi máa dé Ìbéṣè, omi á ti mọ́. Ó gbé ìgò kan tó ní ìdérí líle fún mi.

"Ẹ bá wa bù ú lọ́jọ́ tó bá dé gan-an," ó ní. "Tó bá rí bí ẹ ṣe wí, a máa rán èèyàn lọ jókòó ti páìpù yẹn. Ọjọ́ Ẹtì la máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bí a ò bá rí nǹkan dì mú, a máa pa fáìlì yẹn dé ni o."

Lásunwọ̀n nínú Ìkòròdú ni mò ń gbé, n ò lè máa sùn sétí ọ̀sà. Ìyá mi ni mo gbé ìgò fún. Mo ṣàlàyé, mo tún un ṣe, títí ó fi ní, "Ó ti tó. Ṣé adití ni mí ni?"

Òjò rọ̀ lálẹ́ Ọjọ́rú. Kí n tó fọ eyín mi tán ní Ọjọ́bọ̀, fóònù ti dún. "Ó ti dé o! Ó dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò. Mo ti bù ú." Mo ní mo ti ń bọ̀. Ó ní kí n má tíì wá, kí n jẹ́ kó di ọ̀sán. Mo rò pé ẹja ló ń yan lọ́wọ́ ni. Mo ń rìn yí pálọ̀ mi ká bí adìẹ tó ń wá ibi yé ẹyin.

Nígbà tí mo dé, ó ti fi náílọ̀nù dúdú wé ìgò náà, ó sì fi gèlè àtijọ́ kan dì í. Mo já a gbà, mo sáré wọ mọ́tò. Mo gbé e lé itan títí a fi kọjá Ìtòìkín. Obìnrin tó jókòó tì mí bi mí bóyá omi Sámúsámù láti Mẹ́kà ni mo gbé lọ́wọ́ jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Ọkàn mi ti wà ní Ẹ̀pẹ́.

Ọ̀gá náà tú gèlè, ó tú náílọ̀nù. Omi inú ìgò mọ́ gaara.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ṣé omi kànga lẹ gbé wá ni?"

Mo pe ìyá mi lójú ẹsẹ̀. "Mọ́mì, omi wo lẹ rọ sínú ìgò yìí?"

"Omi dúdú yẹn náà ni. Mo fi álọ́ọ̀mù sí i, mo jẹ́ kó tòrò, mo wá da ojú rẹ̀ sínú ìgò. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ẹ fi álọ́ọ̀mù sí i?"

"Ṣé irú omi játijàti yẹn ni kí n gbé ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba? Kí wọ́n wá máa sọ pé àwa ará Ìbéṣè la dọ̀tí?"

"Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

"Mo ti dà á padà sínú ọ̀sà."

Ojú mi náà ló ṣe ń fi álọ́ọ̀mù sínú dúrọ́ọ̀mù láti kékeré mi. Omi tí kò bá tòrò, kò gbọ́dọ̀ dé iwájú àlejò nílé wa. Inú bí mi, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Ọ̀gá náà ò rẹ́rìn-ín. Ó dá ìgò náà dúró sórí tábìlì.

"Ohun tí òfin ní kí ilé-iṣẹ́ yẹn ṣe," ó ní, "Mọ́mì ti bá wọn ṣe é."

Ó fún mi ní ìgò mìíràn. Mo sùn sí Ìbéṣè mọ́jú ọjọ́ Ẹtì, mo sì ń rìn lọ rìn bọ̀ létí ọ̀sà láti ìdájí. Omi mọ́. Àwọn apẹja pa ẹja púpọ̀, wọ́n ń kí ara wọn kú oríire, ìyá mi náà ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Èmi nìkan ló ń bínú sí omi tó mọ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá náà pè mí pé wọ́n ti pa fáìlì dé, àfi tí mo bá rí nǹkan tuntun gbé wá.

Lọ́jọ́ Àìkú, omi dúdú tún dé. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá mi bù ú sínú ìgò, ó dé e pa, kò fi nǹkan kan sí i. Kò tilẹ̀ wé e. Orí àpótí tó máa ń gbé omi àlejò lé ló gbé e sí.

Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ Ajé láti gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́, oníbàárà rẹ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, obìnrin kan tó ti pẹ́ tó ti rajà kẹ́yìn. Ìyá mi ò tíì fún un lómi mu. Ìgò yẹn ló kọ́kọ́ ṣí, tó gbé lé e lọ́wọ́.

"Ẹ gbóòórùn ẹ̀," ó ní. "Omi wa nìyẹn."