Bóòtì Tí Kò Gbọdọ̀ Mu Gírísì

Ní ìdí òkè Ọ̀kà, níbi tí àwọn tírélà ti máa ń sọ̀kalẹ̀ tí òórùn bíréèkì wọn á gba gbogbo àdúgbò, ni ṣọ́ọ̀bù Badmus mẹkáníìkì wà. Lórí òkè yẹn náà ni bàbá rẹ̀ kú sí. Nọ́ọ̀tì táyà ló tú nígbà tí ọkọ̀ ń sọ̀kalẹ̀, wọ́n sì ní ọmọṣẹ́ kan ló fi gírísì kun nọ́ọ̀tì náà. Láti ọjọ́ náà, Badmus kì í jẹ́ kí epo kan nọ́ọ̀tì tàbí bóòtì kankan. Gbígbẹ ló ń dì í, á fi gbogbo ara tẹ sípánà títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Ta ló fẹ́ bá a wí?

Limota, ìyàwó rẹ̀, ẹja ló ń tà ní Ìkàrẹ́. Bí ọjà bá ti ku ọ̀la, á wọ ọkọ̀ Oyèbọ̀dé apẹja lọ sí òdìkejì dáàmù níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja. Alumíníọ̀mù ni ọkọ̀ náà, ó ń dán bí ìkòkò tuntun. Nígbà tí Oyèbọ̀dé fẹ́ fi bóòtì de ìdérí mọ́ kòtò kékeré tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀, níbi tí omi máa ń rọ́ sí kí wọ́n tó gbọ́n ọn dànù, Badmus ló gbé iṣẹ́ náà fún.

"Ọ̀gá Badmus, ẹ jọ̀ọ́," ni Oyèbọ̀dé wí, "irin ni bóòtì yìí, alumíníọ̀mù ni ọkọ̀. Bí omi bá ti bá àwọn méjèèjì níbi tí wọ́n ti fara kanra, wọ́n á máa jẹ ara wọn ni, wọ́n á sì lẹ̀ pọ̀. Ẹ fi gírísì sáàárín wọn, kí ẹ fi rọ́bà tẹ́ ẹ."

Badmus rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, bóòtì tó bá mu gírísì, ọ̀nà àtitú ló ń wá. Ìyàwó mi ló ń wọ ọkọ̀ yín o. Ṣé kí n fi ẹ̀mí rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ ni?"

Oyèbọ̀dé kò fẹ́ bá oníṣẹ́ jiyàn lórí iṣẹ́ rẹ̀. Ì bá jiyàn náà ni!

Nígbà tí òjò ti rọ̀ dáadáa, Badmus sin Limota dé etí omi. Ó rí nǹkan funfun tó hù yí orí àwọn bóòtì náà ká, bí iyọ̀ tó dà sílẹ̀. Ó ki sípánà bọ ọ̀kan, ó fà á, kò mira. Inú rẹ̀ dùn.

"Bàbá Uthman, kí ló ń hù sára ọkọ̀ yìí?" ni Limota bi í. "Ọkàn mi ò balẹ̀ sí i."

"Ìyá Uthman, èmi ni mo dì í. Kò sí ohun tó lè tú u."

Òótọ́ ló sọ, òun ló sì burú jù.

Abẹ́ mọ́tò ni Badmus wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n pè é lórí fóònù. Ìjì ló ká ọkọ̀ Oyèbọ̀dé mọ́ àárín omi, ó forí gbá kùkùté, abẹ́ ìdérí yẹn gan-an ló sì lu. Omi ń gba etí rẹ̀ tú jáde. Bí ìdérí bá ṣí, aṣọ kan ni wọn ì bá fi dí ihò náà. Limota ti ká ìborùn rẹ̀ sọ́wọ́, ó ń dúró. Oyèbọ̀dé fa sípánà, kò yí. Àwọn méjèèjì jọ fà á, orí bóòtì kan ṣẹ́, àwọn yòókù kò gbọ́. Ọkọ̀ rì.

Àwọn apẹja fa Oyèbọ̀dé yọ. Wọ́n ti ń pe ìrun àṣálẹ́ kí wọ́n tó rí òkú Limota, ìborùn náà ṣì wé mọ́ ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wọ́ ọkọ̀ gòkè, sípánà ṣì há mọ́ orí bóòtì. Badmus kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó fi gbogbo ara fà á. Ọkùnrin tó ti ń bẹ Ọlọ́run látọjọ́ ikú bàbá rẹ̀ pé kí bóòtì má tú, òun ló wá ń sunkún pé, "Tú, jọ̀ọ́, tú."

Oyèbọ̀dé gbá a léjìká mú. "Ó tó, Badmus."

Badmus tún fa sípánà náà.