Ọjọ́ Tí Màámi Kẹ̀yìn sí Odi

Òórùn àkàrà àti òórùn epo bẹntiróòlù ló kọ́kọ́ máa ń wá sí mi nímú tí mo bá ti ń ronú nípa ọjọ́ yẹn. Àwọn ìyá àsáláátù àdúgbò wa ní Sabon Gari, Zaria, àwọn tó máa ń pé jọ sí mọ́sálásí ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Àìkú láti ṣàdúrà, ti há ara wọn mọ́ inú bọ́ọ̀sì kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í tì àfi tí wọ́n bá fi okùn so ó. Wọ́n gbé abọ́ àkàrà lé ẹsẹ̀, gbogbo wọn ló wọ aṣọ funfun, bẹ́ẹ̀ ọyẹ́ ń fẹ́, eruku pupa sì ń dúró dè wá lójú ọ̀nà. Èmi nìkan ni ọ̀dọ́kùnrin tó wà láàárín wọn. Ìdí tí wọ́n fi mú mi dání ni pé mò ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn ní yunifásítì tó wà ní Samaru, wọ́n sì gbà pé ẹni tó bá ti ń kọ́ ìtàn gbọ́dọ̀ mọ orúkọ gbogbo òkúta tó wà nílẹ̀ Hausa. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ ò rí i pé ìyà ń bọ̀ wá jẹ mí.

Màámi la fẹ́ bá ṣe ìdágbére. Owó náírà ò tíì pẹ́ púpọ̀ tó dé nígbà náà. Bàbá mi, tó ti ń ta obì ní Sabon Gari láti ìgbà tí kò tíì ní irùngbọ̀n, sọ lọ́jọ́ kan pé òun ti ṣe é tó. Ó ti ṣíwájú lọ sílé ní Ìlọrin láti lọ tún òrùlé ṣe, ó wá ku Màámi tó ń di ẹrù. Olórí àwọn obìnrin mọ́sálásí, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àdínì, ló ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ ti pẹ́ ní Zaria tó báyìí, tẹ́ ẹ bá délé tí wọ́n ní kẹ́ ẹ ròyìn ìlú, ṣé iye tí wọ́n ń ta ata nìkan lẹ fẹ́ máa sọ?" Bí wọ́n ṣe háyà bọ́ọ̀sì nìyẹn, pé ká fi ọjọ́ kan ṣoṣo wo iwájú ààfin, mọ́sálásí Jímọ̀ àtijọ́, àpáta Kufena, ká sì parí rẹ̀ síbi tí odi ìlú àtijọ́ ti kù sí.

Ó yẹ kí n ti fura. Màámi tí kì í fẹ́ jáde, tí ẹ gbọ́dọ̀ bẹ̀ kó tó lọ síbi ìkómọjáde, ló gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tún ní kí Bàbá Aránṣọ bá wa lọ. Bàbá Aránṣọ jẹ́ ará Ọ̀yọ́, inú agboolé kan náà la jọ ń gbé, òun ló sì ń rán ṣòkòtò iléèwé fún mi láti kékeré. Mo rò pé torí kí àgbà ọkùnrin kan lè wà láàárín wa ni.

A sọdá odò Kubanni, a gba Tudun Wada kọjá, a wọ inú Birni, ìyẹn ìlú àtijọ́. Àwọn arúgbó tó jókòó síwájú ààfin kí wa káàbọ̀, "Sannunku da zuwa," àwọn ìyá sì dá wọn lóhùn ní Hausa tó dùn létí ju tèmi lọ. Kò dí mi lọ́wọ́. Mo bọ́ síwájú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í da ìtàn sílẹ̀ bí ẹni pé èmi gan-an ni mo gbé amọ̀ tí wọ́n fi kọ́ ìlú náà.

"Pùròfẹ́sọ̀," ni ọ̀kan nínú wọn pè mí, "ta ló wá mọ odi ìlú yìí?"

"Wọ́n ní ayaba ajagun kan ni, láyé àtijọ́."

"Ọkọ rẹ̀ ńkọ́?"

"Kò lọ́kọ."

"Abájọ tó fi ráyè mọ odi!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí awakọ̀ fi bá wọn rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ Yorùbá. Màámi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń bi mí pé ìgbà wo la máa dé ibi odi.

Nígbà tí a dé Kufena, àpáta ńlá náà dúró níwájú wa, ara rẹ̀ dúdú níbi tí òjò ti ń ṣàn lé e lórí láti ayébáyé. Bàbá Hausa kan tó ń dáko nísàlẹ̀ rẹ̀ fi ihò òkúta kan hàn wá. Ó ní àwọn ará àtijọ́ máa ń gbé nǹkan síbẹ̀ fún àwọn àlùjọ̀nnú, kí ìsìláàmù tó fìdí múlẹ̀. Gbogbo àwọn ìyá tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ní ayé àìmọ̀kan ni. Síbẹ̀, mo ṣàkíyèsí pé kò sí ìkankan nínú wọn tó jẹ́ kí ẹsẹ̀ òun kan iwájú ihò náà. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Mo gbà pé èmi ti kọjá irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sán ti pọ́n dáadáa ká tó dé ibi odi. Ohun tó kù níbẹ̀ kò tó nǹkan. Òjò ti wẹ odi náà lọ, àwọn èèyàn sì ti ń gbẹ́ amọ̀ rẹ̀ láti fi kọ́ ilé, ó wá dà bí òkìtì gígùn tó ń lọ láàárín oko ọkà tí wọ́n ti kórè. Níbì kan, ó ṣì ga ju èèyàn lọ, ó sì là ní àárín, àlàfo náà fẹ̀ tó ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Mo la ẹnu láti sọ bí ó ṣe gùn tó láyé ọjọ́un. Màámi ti kọjá lára mi, ó ti lọ bá Bàbá Aránṣọ.

"Bàbá, ṣé ibí ni?"

Bàbá Aránṣọ ń wolẹ̀. "Ibo nìyẹn?"

"Ẹ má ṣe mí bẹ́ẹ̀. Ẹ mọ ibi tí mò ń wí."

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ìdí tí Màámi fi bá wa wá.

Mo ní àbúrò obìnrin kan. Auta la máa ń pè é, bí àwọn Hausa ṣe ń pe àbíkẹ́yìn. Kì í sábà sọ Yorùbá, tí Màámi bá bá a wí ní Yorùbá, á ní kí n wá túmọ̀ rẹ̀ fún òun, bẹ́ẹ̀ ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó kàn fẹ́ kí ìbáwí náà pẹ́ kó tó dé ni. Nígbà tí mo wà ní iléèwé onílé-gbígbé ní Kaduna, nínú ooru tó máa ń mú kí òjò tó dé, àrùn yírùnyírùn jà ní Zaria. Orí fọ́ Auta láàárọ̀, ọrùn rẹ̀ gan nígbà tó di ọ̀sán, kí wọ́n tó pe ìrun alẹ́, ó ti kú. Nígbà tí mo fi délé, wọ́n ti ká ẹní rẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, bàbá àti ìyá kì í tẹ̀ lé òkú ọmọ dé ibi tí wọ́n fẹ́ sin ín sí, wọn kì í sì í lọ wò ó lẹ́yìn náà. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni pé, tí òbí bá fojú kan sàárè ọmọ, ọmọ mìíràn á tún tẹ̀ lé e. Nítorí náà Bàbá mi jókòó sílé, Màámi wà ní yàrá láàárín àwọn obìnrin, Bàbá Aránṣọ àti àwọn ọkùnrin mọ́sálásí ló gbé Auta lọ. Láti ọjọ́ náà, Màámi ò béèrè, ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún un ju pé ẹ̀yìn odi ni.

Bàbá Aránṣọ ní, "Ìyàwó wa, kí lo fẹ́ fi ṣe? O ti ń lọ sílé. Jẹ́ kó máa sùn."

"Torí pé mò ń lọ sílé náà ni. Mi ò ní padà wá mọ́. Ṣé bí mo ṣe máa fi ọmọ sílẹ̀ láìmọ ibi tí mo fi í sí nìyẹn?"

Ìyá Àdínì dá sí i. "Ẹ fi hàn án jàre. Kò sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀sìn. Àdúrà ló fẹ́ lọ ṣe."

"Nígbà tí ọmọ tiyín kú," Bàbá Aránṣọ bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ṣé ẹ débẹ̀?"

Ìyá Àdínì bẹ̀rẹ̀ sí í ka tẹ̀súbáà ọwọ́ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Pùròfẹ́sọ̀ ti ríṣẹ́ ṣe. "Màámi, ẹ máa lọ," ni mo wí, pẹ̀lú ohùn tí mo máa ń lò níbi àríyànjiyàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́. "Kò sí nǹkan tó máa ṣẹlẹ̀. Àwọn ará àtijọ́ ló kàn ń dẹ́rù ba ara wọn."

Bàbá Aránṣọ wò mí, ó wo Màámi. "Ó dáa. Tó o bá ti gba àlàfo yẹn kọjá, yà sọ́wọ́ ọ̀tún. Kò jìnnà. Mi ò ní dá ọ dúró."

Màámi bọ́ bàtà rẹ̀. Ó fa ìborùn rẹ̀ síwájú, ó rìn dé ẹnu àlàfo náà, ó fi ọwọ́ kan lé ara odi. Ìgbésẹ̀ kan péré ló kù fún un. Ó wá yíjú padà, ó ń wò mí. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo mi orí sí i kó máa lọ. Mo rò pé nítorí ara rẹ̀ ni ẹ̀rù ṣe ń bà á. Ó wò mí láti orí títí dé ẹsẹ̀, ó wo ọrùn mi, ó wo ẹ̀wù tí Bàbá Aránṣọ rán fún mi, bí ìgbà tó máa ń wò mí kí n tó wọ ọkọ̀ Kaduna.

"Ọkọ mi," ló wí, "gbogbo ọmọ tí mo bí, ìwọ nìkan ló ṣẹ́ kù. Mi ò lè fi ìwọ dán an wò."

Ó jókòó sórí ilẹ̀ níbẹ̀, ó kẹ̀yìn sí odi. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, Ìyá Àdínì gbá mi lọ́wọ́ mú. Màámi ò tiẹ̀ sunkún. Ó kàn ń fi ọwọ́ gbá iyanrìn kúrò lára bàtà rẹ̀, ó ń gbá a, ó ń gbá a. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ló ní, "Ìwọ lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ọ́, kò sí èèwọ̀ fún ọ. Wò ó dáadáa, kó o wá sọ fún mi."

Bí mo ṣe tẹ̀ lé Bàbá Aránṣọ nìyẹn. Lẹ́yìn odi, sàárè kéékèèké ló wà nílẹ̀ lọ súà, òkúta níbi orí, kò sí àkọlé kankan. Ó rìn díẹ̀, ó dúró, ó ṣí fìlà. Èmi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, Fátíà nìkan ni mo rí kà. Nígbà tí mo parí rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sọ fún un ní Hausa pé Màámi ń kí i. Hausa la jọ máa ń sọ.

Màámi ò yíjú padà títí mo fi dé iwájú rẹ̀.

"Ṣé ìbòòji wà níbẹ̀?"

"Igi irúgbá kan wà nítòsí, Màámi. Ìbòòji rẹ̀ ń dé ibẹ̀."

"Ẹran ńkọ́? Wọn kì í jẹ̀ lórí rẹ̀?"

"Mo rí ewúrẹ́ kan."

"Ewúrẹ́ ò burú. Ó fẹ́ràn ewúrẹ́." "Ṣé òun nìkan ló wà níbẹ̀?"

"Rárá o. Àwọn ọmọdé pọ̀ níbẹ̀."

Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Kò ní máa dá nìkan ṣeré."

Nígbà tí a padà dé Sabon Gari, mo di Ìyá Àdínì lọ́wọ́ mú kó lè sọ̀ kalẹ̀. Ó fà mí mọ́ra, ó sọ ọ́ sí mi létí: "Àwọn ọmọdé tó o ní o rí yẹn, ṣé ibẹ̀ mọ́? Níbẹ̀ ni tèmi náà wà." Mo ní ó mọ́. Ó ní kí Ọlọ́run fún mi ní ẹ̀mí gígùn.

Màámi lọ sí Ìlọrin lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ kí i níbẹ̀, lẹ́yìn oúnjẹ, tó bá ku èmi àti òun, á bi mí léèrè bí ibẹ̀ ṣe rí, bí ẹni ń béèrè nípa ọmọ tó wà nílé ìwé tó jìnnà. Mo máa ń sọ ọ́ fún un bí mo ṣe rí i, mi ò fi kún un, mi ò yọ kúrò níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí Màámi ò sí nílé, Bàbá ń ṣa obì nínú apẹ̀rẹ̀, kò wojú mi, ó ní, "Wọ́n ní ẹ dé odi kí ìyá rẹ tó máa bọ̀." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ibẹ̀ dáa?" Mo ní ó dáa, Bàbá. Ó ní, "Ó dáa," ó sì ń bá obì rẹ̀ lọ. Kò tún mẹ́nu kàn án mọ́ títí ó fi kú.

Màámi pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ní àìsàn ìkẹyìn, nígbà tí ó ń gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ mi, kò gbàgbé ìbéèrè yẹn. Ó ṣì bi mí ní ọjọ́ bíi mélòó kan kó tó lọ, mo sì jókòó tì í, mo ròyìn fún un títí oorun fi gbé e lọ.

Mo ti dàgbà ju bó ṣe wà lọ́jọ́ náà lọ báyìí. Mo láwọn ọmọ tèmi, mo sì ti kọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ pé ká máa béèrè ẹ̀rí fún gbogbo nǹkan. Àwọn tó wá láti Zaria sọ fún mi pé ilé ti kún gbogbo apá ibẹ̀, wọn ò sì mọ odi kankan mọ́. Mi ò lọ wò ó. Ohun tí mo rí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ṣì wà lójú mi, mo lè ròyìn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́. Ó kàn jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń bi mí mọ́ ni.